Èròjà Irin Wẹ́wẹ́ Inú Ojú: Ohun tí Ojú Ẹranko Kọ́ Wa nípa Ojú Ọmọ Wa



Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú ni ọba ara. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ojú nínú ilé, eruku, àpólò àti awò ojú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ̀ pé irin ń bẹ nínú ẹyinjú, pé bàbà ń bẹ níbẹ̀, àti pé èròjà kan tí a ń pè ní síǹkì ń bẹ níbẹ̀ ju bí ó ti wà ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn nínú ara lọ. Àwọn èròjà wọ̀nyí kéré, ṣùgbọ́n láìsí wọn ojú kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni òmíràn wà, èyí tí a ń pè ní òjé, tí kò yẹ kí ó wọ inú ara ọmọ rárá, tí ó sì jẹ́ pé pẹ̀lú ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń kùn ún sí ojú ọmọ wọn.

Nínú àlàyé yìí, a ó kọ́kọ́ wo ojú ẹranko, nítorí láti ara ojú màlúù, ajá, ológbò àti ẹja ni àwọn onímọ̀ ti rí púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ lónìí. Lẹ́yìn náà ni a ó wá sọ ohun tí ó kan ojú ọmọ yín àti ojú ẹ̀yin fúnra yín.

KÍ NI A Ń PÈ NÍ ÈRÒJÀ IRIN WẸ́WẸ́?

Oríṣiríṣi èròjà ni ó wà nínú oúnjẹ tí a ń jẹ. Ara nílò àwọn kan lọ́pọ̀lọpọ̀ lójoojúmọ́, irú èyí tí a ń rí nínú iṣu, ẹ̀wà àti epo. Àwọn mìíràn wà tí ara kò nílò ju bíńtín lọ, tí ó sì jẹ́ pé irú irin ni wọ́n. Àwọn ni à ń pè ní èròjà irin wẹ́wẹ́. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bàbà tí a fi ń ṣe wáyà iná jẹ́ ìkejì. Síǹkì, tí a fi ń bo páànù ilé kí ó má bàa tètè dógùn-ún, jẹ́ ìkẹta. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni máa lá irin tàbí páànù. Inú oúnjẹ ni ara ti ń rí wọn, wọ́n sì ti wọ inú oúnjẹ náà débi tí ojú kò fi lè rí wọn.

Gbogbo síǹkì tí ó wà nínú ara àgbàlagbà kan, láti orí dé ẹsẹ̀, kò ju nǹkan bí gíráàmù 2 sí 3 lọ. Kò wúwo tó kóró ṣúgà kan. Irin inú ara jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 3 sí 4, inú ẹ̀jẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà. Bàbà kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá gíráàmù kan lọ. Ẹ fi wọ́n wé iyọ̀ inú ọbẹ̀: kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, gbogbo ará ilé ni yóò mọ̀, bí ó bá sì pọ̀ jù, ọbẹ̀ náà kò ṣeé jẹ.

BÍ A TI TO OJÚ

Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀ rí nígbà tí alápatà la ojú màlúù tàbí ti ewúrẹ́, ẹ ó ti rí i pé ẹyinjú dà bí àpò kékeré tí omi kún inú rẹ̀. Níwájú ni awọ kan wà tí ó mọ́ gaara. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ihò dúdú tí a ń pè ní ọmọlójú wà. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn ọmọlójú ni dígí ojú wà, òun ni ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan. Ní ẹ̀yìn pátápátá ni awọ ìríran wà, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀, tí ó sì ń fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọpọlọ nípasẹ̀ iṣan ìríran. Awọ dúdú kan tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó gbé awọ ìríran yìí ró lẹ́yìn, òun ni ó sì ń bọ́ ọ.

Kì í ṣe bákan náà ni èròjà irin pọ̀ tó ní gbogbo ibi wọ̀nyí. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, J. M. Bowness àti R. A. Morton pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí bàbà àti síǹkì inú ojú àwọn ẹran tí ń fún ọmọ lọ́mú, ti ẹja àti ti ọ̀pọ̀lọ́. Ìwádìí wọn àti ti àwọn tí ó tẹ̀lé wọn fi hàn pé ibi tí awọ inú ojú ti dúdú ni àwọn irin wọ̀nyí máa ń pọ̀ sí. Àwọ̀ dúdú náà jọ irú èyí tí ó ń mú awọ ara àti irun wa dúdú. A máa fa irin mọ́ra, a sì máa dì í mú ṣinṣin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ òjé.

ÌDÍ TÍ OJÚ OLÓGBÒ FI Ń TÀN LÓRU

Ẹni tí ó bá ti tan tọ́ọ̀ṣì sí ológbò tàbí ajá lóru mọ̀ pé ojú wọn a máa kọ mànà bí iná. Àwọn ọdẹ mọ èyí dáadáa. Ojú tí ó ń tàn nínú igbó ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹran wà. Kì í ṣe iná ni ó ń jó nínú ojú ẹranko. Awọ kan tí ń dán bí dígí ìwojú ni ó wà lẹ́yìn awọ ìríran wọn. Ìmọ́lẹ̀ tí awọ ìríran kò bá gbà ní àkọ́kọ́ yóò kan awọ dídán yìí, yóò sì padà, kí awọ ìríran lè tún rí i gbà lẹ́ẹ̀kejì. Èyí wà lára ìdí tí ológbò fi lè ṣọdẹ eku ní ibi tí àwa kò ti lè rí ọwọ́ ara wa.

Nínú ojú ajá àti ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, síǹkì ni ó pọ̀ nínú awọ dídán yìí. Ó pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn onímọ̀ kà á mọ́ àwọn ibi tí síǹkì pọ̀ sí jù lọ nínú ara ohun abẹ̀mí gbogbo. Ti màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ yàtọ̀: àwọn náà ní awọ dídán, ṣùgbọ́n fọ́nrán ẹran ara tí a tò létòlétò ni ó ń mú un dán, kì í ṣe síǹkì. Ẹlẹ́dẹ̀ kò ní i rárá. Ènìyàn náà kò ní i.

Ìkìlọ̀ pàtàkì fún àwọn òbí

Nítorí pé ènìyàn kò ní awọ dídán yìí, kò yẹ kí ọmọlójú ọmọ yín máa tàn funfun bí ojú ológbò. Bí a bá ya fọ́tò ọmọ pẹ̀lú iná, tí ọmọlójú rẹ̀ méjèèjì sì pupa nínú fọ́tò náà, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú ni, kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ọmọlójú kan tàbí méjèèjì bá funfun, tàbí bí ó bá ń kọ mànà bí ojú ológbò, yálà nínú fọ́tò tàbí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án nínú yàrá, ẹ má ṣe dúró dìgbà kankan. Ó lè jẹ́ pé dígí ojú ọmọ náà ni ó ti funfun. Ó sì lè jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ inú ojú, èyí tí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó máa ń mú jù.

Jẹjẹrẹ yìí ṣeé wò bí a bá tètè gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn. Bí a bá fi falẹ̀, ó lè gba ojú, ó sì lè gba ẹ̀mí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé ojú abàmì ni, tàbí pé yóò lọ fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá dàgbà. Àìsàn ni, dókítà ojú ni ó sì yẹ kí ó wò ó.

SÍǸKÌ ÀTI ÌRÍRAN NÍNÚ ÒKÙNKÙN

Bí àwa kò tilẹ̀ ní awọ dídán ti ajá, síǹkì pọ̀ nínú awọ ìríran wa àti nínú awọ dúdú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ ti gbọ́ nípa fítámì A, èyí tí ó wà nínú epo pupa, ẹ̀fọ́ tútù, máńgòrò pípọ́n, ẹyin àti ẹ̀dọ̀ ẹran. Ìdí tí ọmọ tí kò bá rí i jẹ kì í fi ríran bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni pé òun ni awọ ìríran ń lò láti gba ìmọ́lẹ̀ kékeré. Inú ẹ̀dọ̀ ni ara ń kó fítámì yìí pamọ́ sí. Kí ó tó lè dé ojú, ó gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò gbé e gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ sì nílò síǹkì kí ó tó lè pèsè ohun náà. Nígbà tí fítámì A bá sì dé ojú, síǹkì tún wà lára ohun tí ń sọ ọ́ di irú èyí tí awọ ìríran lè lò. Ó dà bí ẹni tí iṣu kún inú abà rẹ̀ lóko, ṣùgbọ́n tí kò rí alágbàrù tí yóò gbé e wá sílé. Ebi lè máa pa ará ilé bẹ́ẹ̀, nígbà tí iṣu ń bẹ lóko.

Ní orílẹ̀-èdè Nepal, àwọn aláboyún kan wà tí kì í ríran bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé, láàrin àwọn tí síǹkì ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ìríran alẹ́ padà bọ̀ sípò fún àwọn tí a fún ní síǹkì pẹ̀lú fítámì A ju bí ó ti rí fún àwọn tí a fún ní fítámì A nìkan lọ.

Ẹja náà jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1979, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, H. G. Ketola, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí irú ẹja kan tí wọ́n ń sìn níbẹ̀. Kùrukùru funfun bo dígí ojú àwọn ẹja náà. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ní ẹja lílọ̀ tí egungun pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn èròjà inú egungun yìí ni kò sì jẹ́ kí síǹkì wọ inú ara wọn. Nígbà tí a fi síǹkì kún oúnjẹ náà, kùrukùru kò bo ojú ẹja mọ́. Ẹ kíyèsí ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀: kì í ṣe ebi ni ó pa ẹja wọ̀nyí. Wọ́n ń jẹ àjẹyó, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń jẹ dí síǹkì lọ́nà.

Irú ohun bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì àti ẹ̀wà ní èròjà kan nínú tí ó máa ń di síǹkì àti irin mú nínú ikùn, tí kì í jẹ́ kí gbogbo wọn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa àgbà dín agbára èròjà yìí kù kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ fún ògì, wọ́n sì ń jẹ́ kí ògì náà kan. Irú pàápàá, wọ́n ń sè é, wọ́n sì ń bò ó mọ́lẹ̀ kí ó lè wú. Kí á má ṣe jẹ́ kí ọgbọ́n yìí run. Ṣùgbọ́n ògì nìkan kò tó ọmọ. Ọmọ tí ó ti pé oṣù 6 yẹ kí ó máa rí ẹja tàbí edé lílọ̀, ẹyin, ẹran tí a gún kúnná tàbí ẹ̀dọ̀ díẹ̀, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀, nínú oúnjẹ rẹ̀. Kí ó tó pé oṣù 6, omú ìyá nìkan ni oúnjẹ rẹ̀.

ÌGBẸ́ GBUURU ÀTI SÍǸKÌ

Ọ̀nà pàtàkì kan tí síǹkì ń gbà tán lára ọmọ ni ìgbẹ́ gbuuru. Láti ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ti ń gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí a máa fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe ní oògùn síǹkì pẹ̀lú omi ORS. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 ń lo mílígíráàmù 10 lójúmọ́. Èyí tí ó ti ju oṣù 6 lọ ń lo mílígíráàmù 20. Ọjọ́ 10 sí 14 ni a fi ń lò ó. Oògùn oníhóró mílígíráàmù 20 ni ó wọ́pọ̀. Nítorí náà, ìdajì hóró kan ni ti ọmọ kékeré, odindi ni ti èyí tí ó dàgbà jù ú. A lè yọ́ ọ sínú omú tí a fún sínú ṣíbí tàbí sínú omi mímọ́ díẹ̀.

Ìyá púpọ̀ a máa dá oògùn yìí dúró bí ìgbẹ́ bá ti dá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ lè dá ní ọjọ́ kẹta, ṣùgbọ́n síǹkì tí ó ti bá ìgbẹ́ lọ kò tíì padà sára. Ẹ lò ó parí.

BÀBÀ ÀTI IRIN: OHUN TÍ Ó DÁRA TÍ Ó LÈ PỌ̀ JÙ

Bàbà àti irin wúlò fún ojú, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lè ba ojú jẹ́ bí wọ́n bá kọjá ààlà.

Àìsàn kan wà tí a ń pè ní àìsàn Wilson. Òbí méjèèjì ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, kò sì wọ́pọ̀. Ara ẹni tí ó ní i kò lè lé bàbà jáde, bàbà náà yóò sì máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀, ọpọlọ àti ojú. Àwọn dókítà ilẹ̀ Jámánì méjì, Kayser ní ọdún 1902 àti Fleischer ní ọdún 1903, ni wọ́n ṣàlàyé òrùka àwọ̀ ilẹ̀ tí bàbà yìí ń fà sí etí awọ mímọ́ iwájú ojú. Bí dókítà bá rí òrùka náà, ó lè mọ̀ láti ojú pé ẹ̀dọ̀ wà nínú ewu. Àìsàn yìí ní ìtọ́jú, síǹkì sì wà lára àwọn oògùn rẹ̀, nítorí pé síǹkì a máa dí bàbà lọ́nà nínú ìfun.

Ìdí kan náà ni kò fi dára kí ẹnikẹ́ni máa ra oògùn síǹkì lò lójoojúmọ́ láìbéèrè. Nínú ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001, a rí i pé síǹkì mílígíráàmù 80 lójúmọ́ pẹ̀lú àwọn fítámì kan dín ewu kù fún àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ojú wọn ti ń bàjẹ́ nítorí ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ fi bàbà kún un, kí síǹkì púpọ̀ má bàa lé bàbà ara wọn jáde. Oògùn náà kì í ṣe ti ọmọdé, kì í sì í ṣe ti ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ní ti irin, ewu tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti àfọ́kù irin tí ó ta sí ojú. Ó máa ń ṣe àwọn tí ń fi òòlù lu irin, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ lọ irin, àwọn mẹkáníìkì, àti àwọn ọmọ tí ń ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí àfọ́kù kékeré bá wọ inú ẹyinjú lọ, ojú lè pupa fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó sì fúyẹ́, ẹni náà yóò sì rò pé ó ti tán. Irin náà yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ojú, yóò máa wọ inú dígí ojú àti awọ ìríran, títí ojú yóò fi ṣókùnkùn lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Nítorí náà, bí ohunkóhun bá ta sí ojú lẹ́nu iṣẹ́ irin, ẹ má ṣe ra á, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ahọ́n, òwú tàbí èékánná yọ ọ́. Ẹ má ṣe rọ omi ṣúgà, omú, ìtọ̀ tàbí kẹrosíìnì sí i. Ẹ fi ife mímọ́ bo ojú náà láìkan ẹyinjú, kí ẹ sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

FÚN ILÉ TÍ A TI Ń LO OÒGÙN IKỌ́ FÉE

Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí a ń fún ẹni tí ó ní ikọ́ fée ni Ethambutol. Oògùn tí ó ń gba ẹ̀mí là ni. Nígbà tí a dán an wò lára ajá, ó mú kí awọ dídán ẹ̀yìn ojú wọn pàdánù àwọ̀ rẹ̀, nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ síǹkì àti bàbà. Ènìyàn kò ní awọ yẹn, ṣùgbọ́n oògùn náà lè pa iṣan ìríran àwọn ènìyàn díẹ̀ lára, pàápàá bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ jù tàbí bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bí ẹnìkan bá ń lo oògùn ikọ́ fée nínú ilé yín, ẹ máa bi í léèrè bí ojú rẹ̀ ti rí. Bí ó bá ń rí bàìbàì, tàbí tí kò lè fi ìyàtọ̀ sí àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé mọ́, kí ó padà sí ibi tí ó ti gba oògùn ní ọjọ́ náà gan-an. Bí a bá tètè pààrọ̀ oògùn, ojú lè padà bọ̀ sípò. Kí ó má ṣe dá gbogbo oògùn dúró fúnra rẹ̀, nítorí ikọ́ fée tí a kò wò parí a máa padà pẹ̀lú agbára.

ÒJÉ ÀTI TÌRÓÒ

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa kan gbogbo ilé. Síǹkì, bàbà àti irin ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ara. Òjé kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Tìróò ti pẹ́ nínú ilé wa. Àwọn ìyá ń lé e fún ẹwà. Wọ́n sì ń lé e fún ọmọ jòjòló pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé yóò mú ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí pé kò ní jẹ́ kí àrùn mú un. Ète rere ni. Ṣùgbọ́n òkúta dúdú tí ń dán, tí a ń lọ̀ kúnná fún tìróò, òjé tí ó pọ̀ mọ́ imí ọjọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, a yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin kan wò, ọmọ oṣù 6, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ máíkírógíráàmù 13 nínú dẹsílítà kan. Láti ọdún 2021, 3.5 péré ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ọmọ tí ó nílò àmójútó ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí a yẹ tìróò tí wọ́n ń lé sí ìpéǹpéjú ọmọ náà wò, ó ju ìdá 80 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ tí ó jẹ́ òjé. Ìròyìn náà jáde ní ọdún 2012, kí àwọn òbí mìíràn lè mọ̀.

Báwo ni òjé ṣe ń ti ojú dé inú ẹ̀jẹ̀? Omijé ń ti ojú ṣàn gba imú lọ sí ọ̀fun, ọmọ yóò sì gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ a máa ra ojú, a sì máa ti ọwọ́ náà bọ ẹnu. Ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ohun tí ikùn àgbàlagbà ń gbà nínú òjé ni ikùn ọmọ kékeré lè gbà. Láti inú ẹ̀jẹ̀, òjé yóò lọ sí ọpọlọ àti egungun. Ó lè dín òye ọmọ kù, ó lè mú kí ó máa pẹ́ kí ó tó kọ́ ẹ̀kọ́, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dín kù. Bí ó bá pọ̀, a máa fa gìrì àti ikú. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, ó ju 400 ọmọ lọ tí òjé pa, nítorí eruku òkúta tí a ń fọ́ láti wá wúrà ní àwọn abúlé wọn. Ìpalára tí òjé ṣe fún ọpọlọ ọmọ kì í sábà lọ tán, bí a tilẹ̀ wò ó.

Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa awọ dúdú inú ojú, pé ó ń fa irin mọ́ra. Kì í ṣe irin rere nìkan ni ó ń fà. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005 lórí ojú àwọn tí ó ti kú, a bá òjé nínú awọ dúdú wọ̀nyí, pẹ̀lú irin olóró mìíràn tí ń jẹ́ cadmium, èyí tí ó wà nínú èéfín sìgá. Ní ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ìwádìí mìíràn fi hàn pé àwọn àgbà ọkùnrin tí òjé pọ̀ nínú egungun wọn ni kùrukùru máa ń bo dígí ojú wọn jù. Ohun tí a rò pé ó ń mú ojú ọmọ mọ́lẹ̀ lè jẹ́ ohun tí yóò mú un ṣókùnkùn lọ́jọ́ alẹ́.

Kò sí bí a ṣe lè fi ojú lásán mọ tìróò tí ó ní òjé àti èyí tí kò ní i. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò ní àbùjá: ẹ má ṣe lé tìróò fún ọmọ. Bí ìyá ọkọ, ìyá àgbà tàbí aládùúgbò bá ní kí ẹ lé e, ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ wọn ni ẹ ń dáàbò bò. Aláboyún àti abiyamọ náà kò gbọdọ̀ lé e, nítorí òjé ara ìyá a máa dé ara ọmọ. Bí ojú ọmọ bá dọ̀tí, ẹ fi aṣọ mímọ́ àti omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù nù ún. Bí ojú bá ń ṣe ọyún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE

1. Ẹ fún ọmọ ní omú nìkan títí yóò fi pé oṣù 6. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ẹja, edé, ẹyin, ẹran, ẹ̀wà, epo pupa àti ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì máa bá omú lọ.

2. Ẹ gbé ọmọ tí ó wà láàrin oṣù 6 sí ọdún 5 lọ gba fítámì A ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

3. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ, ẹ fún un ní omi ORS àti síǹkì, kí ẹ sì lo síǹkì náà parí.

4. Ẹ máa wo ọmọlójú ọmọ yín. Bí ó bá funfun tàbí bí ó bá ń tàn bí ojú ológbò, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà.

5. Ẹ má ṣe lé tìróò fún ọmọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ṣeré nídìí bátìrì mọ́tò tí ó ti bàjẹ́ tàbí níbi tí a ti ń yọ́ òjé.

6. Kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ irin máa lo awò ìdáàbòbò, kí ọmọdé sì jìnnà sí ibẹ̀.

7. Kí ẹni tí ń lo oògùn ikọ́ fée tètè sọ bí ìríran rẹ̀ bá yí padà.

Bí ọmọ yín bá ti ń lo tìróò kí ẹ tó ka ìwé yìí, ẹ má ṣe bẹ̀rù, ẹ má sì fi pamọ́. Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí, ẹ wẹ ọwọ́ àti ojú ọmọ, kí ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín, kí wọ́n lè mọ̀ bí ó bá yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò. Kò sí ẹni tí yóò bá yín wí. Ojú tí a bá tọ́jú láti kékeré ni ọmọ yóò fi kàwé, ni yóò fi ṣiṣẹ́, ni yóò sì fi rí àwọn ọmọ tirẹ̀.